Nígbà Tí Ìbòjú Bá Tóbi Ju Ojú Lọ

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ girama wá kí mi ní Ìjẹdè níbi tí mo fẹ̀yìn tì sí. Ó ní irú iṣẹ́ tí mo ṣe lòun fẹ́ ṣe. Mo bi í pé kí ló mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé a máa ń wọ aṣọ funfun, pé a kì í sì í gbé ẹrù wúwo. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nítorí tirẹ̀ àti nítorí àwọn bíi tirẹ̀ tí wọ́n ń wo iṣẹ́ láti òkèèrè ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Ẹni tó bá kà á tán tó sì tún fẹ́ ṣe é, kó lọ ṣe é, mo fọwọ́ sí i.

Sikírá lorúkọ mi. Ọmọ Ìkòròdú pọ́ńbélé ni mí, agboolé wa kò jìnnà sí Èbúté. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí wọ́n fi ní kí n lọ sinmi ni ṣíṣe ìbòjú fún àwọn tí jẹjẹrẹ mú ní ẹnu, ní ọ̀fun tàbí ní ọrùn. Ní ilé ìwòsàn ńlá kan lódìkejì ọ̀sà, a ní ẹ̀rọ kan tó ń ta ìtànṣán sí ibi tí àrùn wà kó lè pa á. Àwọn aláìsàn wa kì í pè é ní ìtànṣán, iná ni wọ́n ń pè é, wọ́n á ní àwọn ń lọ gba iná. Ojú kì í rí iná yìí, kì í sì í dunni nígbà tó bá ń wọlé. Ibi tí wọ́n bá dojú rẹ̀ kọ ló ń lọ. Bí aláìsàn bá yí orí díẹ̀, iná á fi àrùn sílẹ̀, á lọ jó ibi tí kò ṣẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe ìbòjú tó bá ojú àti ọrùn onítọ̀hún mu régé, tí a óò sì de etí ìbòjú náà mọ́ bẹ́ẹ̀dì, kó má lè mira ní gbogbo ọjọ́ tó bá wá, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Wọ́n ń wá ènìyàn, mo kọ̀wé, wọ́n pè mí. Owó oṣù wọn kò sọ mí dolówó, ebi kò sì pa mí.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Fáṣeun, ará Ọ̀ṣun tó ń gbé ní Agric nínú Ìkòròdú, ọkùnrin gbígbẹ kan tí ojú rẹ̀ kì í tú ká. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sọ ohun kan fún mi nípa iṣẹ́. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà yẹn, pí-ó-pí tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó bá kán la fi ń wọn ojú. Ó fi bò mí lójú, ó fi ihò sílẹ̀ fún imú mi, ó ní kí n má mira, ó sì jáde. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé. Ohun tó wà lójú mi ń gbóná, ó ń le, mi ò lè la ẹnu, mi ò sì mọ ìgbà tó máa padà. Nígbà tó wọlé tó ṣí i kúrò, ó bi mí pé, "Kí lo rò?"

Mo ní, "Mo rò pé mo máa kú ni, sà."

"Ó dáa. Àwọn tó ń bọ̀ wá bá ẹ náà á máa rò bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ tí o jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, ilé lò ń lọ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ mi. Tí mo bá ṣe ìbòjú tán, á wá ki ìka sábẹ́ rẹ̀ níbi àgbọ̀n. Tí ìka náà bá wọlé, á gbé e, á fọ́ ọ lójú mi, á ní kí n tún un ṣe. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí èyí tí kò fọ́ nínú èyí tí mo ṣe. Inú ọkọ̀ ojú omi kan náà la jọ ń wọ̀ padà sí Èbúté nírọ̀lẹ́. Èmi á máa sunkún, òun á jókòó tì mí, á máa jẹ ẹ̀pà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, nígbà míì á tilẹ̀ na ẹ̀pà náà sí mi. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn. Ó wá di ọjọ́ kan, ó ki ìka, ìka kò wọlé. Ó wo ìbòjú náà, ó wò mí, ó ní, "Gbé e lọ." Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sómi nígbà tí mo ń wọkọ̀.

Ohun kejì tó kọ́ mi ni bí wọ́n ṣe ń wo ènìyàn. Ó ní kí n máa wo ẹ̀bátí aláìsàn àti kòtò tó wà lókè àyà rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ara ti máa ń kọ́kọ́ gbẹ. Ẹni tó ń gba iná ní ọ̀fun, kò ní pẹ́ tí egbò á fi bo ẹnu rẹ̀. Itọ́ á gbẹ. Iyọ̀, ṣúgà, ata, gbogbo rẹ̀ á di ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀. Omi lásán á máa ta á. Ẹlòmíì, òórùn ọbẹ̀ nìkan ti tó láti mú un bì. Mo ti rí ọkùnrin tó ń mi oúnjẹ pẹ̀lú omijé lójú nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò ó. Mo ti rí obìnrin tó ní kí wọ́n máa lọ dáná níta, kó má bàa gbóòórùn rẹ̀. Ebi tó ń pa wọ́n kì í ṣe ti àìsí oúnjẹ. Oúnjẹ á wà nílẹ̀, á máa tutù níwájú wọn, wọ́n á sì máa rù. Bí wọ́n bá sì ti ń rù, ìbòjú tó bá wọn mu tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi fún wọn, orí á máa yí nínú rẹ̀, iná ò ní lọ síbi tó yẹ kó lọ mọ́.

Kí Ọ̀gbẹ́ni Fáṣeun tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n kó irin iṣẹ́ tuntun dé. A ò po pí-ó-pí mọ́. Ike funfun kan tó ní ihò wínníwínní bí asẹ́ ni wọ́n fún wa. Tí a bá rì í bọ omi gbígbóná, á rọ̀ bíi pọ̀nmọ́ tó jinná, a óò tẹ́ ẹ sójú aláìsàn, kò sì ní pẹ́ tó fi máa le. Ọ̀gá yí i wò títí, ó ní, "Èyí ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ mọ́." Mo rò pé ó fẹ́ bínú ni. Ó kàn bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀, ó ní kí n ṣe tòun kí òun rí bó ṣe rí. Mo ṣe é. Ó ki ìka tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kò wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun wá, tí kọ̀ǹpútà ń bá a ṣiṣẹ́. Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì lọ́jọ́ tó bá ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́ sì pọ̀. Tí iná mànàmáná bá ṣe ségesège tàbí tí nǹkan kan bá bàjẹ́ lára rẹ̀, gbogbo aláìsàn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa wo ilẹ̀kùn, àwọn tuntun á sì tún máa dé.

Èmi ni mo wà nídìí ìbòjú nígbà tí Bàbá Músílíù dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ gbọ́ dáadáa.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Ọkọ̀ apẹja ló ń kàn, ọkùnrin gìrìwò tí ọrùn rẹ̀ ki pọ́pọ́. Ike tó tóbi jù nínú èyí tí a ní ni mo fi ṣe ìbòjú rẹ̀. Jẹjẹrẹ wà ní ọ̀fun rẹ̀, ó sì ti wú jáde sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Músílíù, ń ta ohun èlò àwọ̀n: okùn, ohun tó ń mú àwọ̀n léfòó, àti òjé wẹ́wẹ́ tí àwọn apẹja máa ń so mọ́ etí àwọ̀n kó lè rì. Nítorí pé Ẹ̀pẹ́ jìnnà, wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí kan ní Ìkòròdú, a sì jọ máa ń pàdé nínú ọkọ̀ ní Èbúté láàárọ̀. Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti mọ̀ wọ́n. Tí Bàbá bá ti wọlé báyìí, á fọwọ́ gbá pákó, á ní, "Ta ló kan pálapàla yìí? Àǹtí Sikírá, ṣé ẹ mọ odò wẹ̀ ṣá?" Ó máa ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ ni ohùn rẹ̀ ń ha, títí tó fi jẹ́ pé pákó nìkan ló ń gbá.

Dókítà wa, obìnrin tó mọṣẹ́ tó sì láàánú, ti bá wọn sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, a ó máa wọ̀n yín ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rù jù, a máa fi rọ́bà sí yín níkùn, ká máa gba ibẹ̀ bọ́ yín. Tí ò bá ṣeé ṣe, a máa dá iná yẹn dúró ná, kẹ́ ẹ lọ lókun."

Bàbá fọwọ́ bo ikùn. "Kí wọ́n lu ihò sí mi níkùn? Dókítà, mo ń kan ọkọ̀, mo mọ ohun tí ihò ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, mo máa jẹun."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n ní kí obìnrin tíṣà kan tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ sinmi nílé nítorí pé ó ti gbẹ jù, kó padà wá tí ara rẹ̀ bá mókun. Èrò pọ̀ nílẹ̀, wọ́n fi ẹlòmíì sí àyè rẹ̀. Tíṣà yẹn kò padà wá. Àbúrò rẹ̀ ló wá sọ fún wa pé ó ti kú, ẹ̀gbẹ́ Ìyá Músílíù gan-an ló jókòó sí nígbà tó ń sọ ọ́. Mo rí i tí Ìyá Músílíù ń fi etí gèlè rẹ̀ nu ọwọ́ ṣáá, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò tutù.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá wọn Bàbá, bákan náà ni ìwọ̀n rẹ̀ ń rí. Kì í bọ́ aṣọ. Ìyàwó rẹ̀ ní òtútù ẹ̀rọ amúlétutù máa ń mú un, ó sì máa ń lọ́ ìró ńlá mọ́ ọn nídìí lórí ṣòkòtò. Bàtà nìkan ni wọ́n ń bọ́. A ń yìn ín. A ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù pé ẹ wo Bàbá, ẹ wo bó ṣe ń gbìyànjú. Mo bi Ìyá Músílíù nínú ọkọ̀ pé kí ló ń fún un jẹ. Ó ní, "Ẹ̀kọ àti mílíìkì. Mo tún ń lọ ẹja pọ̀ mọ́ ọbẹ̀. À ń mánéèjì ẹ̀, mà." Omi ló ń wò nígbà tó ń dá mi lóhùn.

Ìbòjú wá bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ìka mi wọlé níbi àgbọ̀n. Mo pe Dókítà. Ó fọwọ́ tẹ ọrùn Bàbá, ó rí i pé wúwú tó wà níbẹ̀ ti ń rọlẹ̀, ó wo ìwọ̀n, ìwọ̀n kò yí padà. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní àrùn náà ló ń súnkì, pé iná ń mú un, ìyẹn ló jẹ́ kí ìbòjú tóbi. Ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan lóòótọ́. Ẹ lè bi mí pé ṣé a ò rí ojú rẹ̀ ni. A rí i. Ojú gbogbo wọn ló ń fà, Bàbá sì tún jẹ́ ẹlẹ́ran ara tẹ́lẹ̀. Dókítà ní ká ya àwòrán ọrùn rẹ̀ tuntun, ká tún ìbòjú ṣe. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán bàjẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Kí wọ́n má bàa dá iná dúró, wọ́n ní ká ṣì máa lo ti àtijọ́. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn, tí orí Bàbá ń yí díẹ̀díẹ̀ nínú ìbòjú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ gun bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó dà wó lulẹ̀. Èmi àti ọkùnrin méjì tó ń darí ẹ̀rọ sáré gbé e. Òkè ara rẹ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ wúwo débi pé ó ń fa wá sílẹ̀. A tú ìró kúrò kó lè mí. Okùn àwọ̀n ni mo kọ́kọ́ rí. Òjé ni wọ́n sín sára rẹ̀, wọ́n dè é yí i nídìí, ìlà lórí ìlà, okùn náà sì ti jẹ ẹ́ lára, ó ti dá egbò sí i lórí egungun ìbàdí. Kò sí ẹran lára rẹ̀ mọ́. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, ẹ̀rù sì bà mí.

Wọ́n pe ìyàwó rẹ̀ wọlé. Dókítà bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá Músílíù, kí lèyí?"

"Òjé ni, mà."

"Ta ló dè é mọ́ wọn?"

"Èmi ni. Àwa méjèèjì la jọ fẹnu kò. Bí wọ́n bá ti rù sí i, mo máa sín díẹ̀ kún un kó tó dọjọ́ ìwọ̀n." Ó ń wo ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, kò wo ẹnì kankan nínú wa. "Ẹ sọ pé tí wọ́n bá rù, ẹ máa dá iná dúró. Ẹ ní kí tíṣà yẹn lọ sinmi. Ó ti sinmi. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Dókítà kọjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì gbé Bàbá sórí ìwọ̀n láìsí òjé, ó wo iye tó wà níbẹ̀, kò kà á sókè. Mo jáde lọ sí yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún gan-an. Inú bí mi sí Ìyá Músílíù, inú bí mi sí ẹ̀rọ tó bàjẹ́, inú bí mi sí ẹnu tí a fi ń dẹ́rù ba aláìsàn. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ bú nínú gbogbo rẹ̀.

Wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n fi rọ́bà sí ikùn rẹ̀, kò bá wọn jiyàn mọ́. Iná dúró. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ àwòrán ṣe tán tí wọ́n sì ya tuntun, kọ̀ǹpútà fi hàn pé fún ọjọ́ púpọ̀, iná ti yà kúrò ní apá kan àrùn náà, ó sì ti kan ibi tí kò yẹ kó kàn. Dókítà jókòó ti tọkọtaya náà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láìfi ọ̀kan pamọ́. Èmi ni mo ṣe ìbòjú tuntun. Ike kékeré ló gbà, irú èyí tí mo máa ń lò fún àwọn obìnrin tínínrín. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ sójú rẹ̀, ó wá ọwọ́ mi kàn, ó dì í mú títí ike náà fi le.

Ó gba iná tó kù tán. Ó lókun díẹ̀ nípa oúnjẹ tí wọ́n ń gba rọ́bà fún un. Wọ́n padà sí Ẹ̀pẹ́, gbogbo wa sì ń retí ohun rere. Nílé ìwòsàn, wọ́n yí nǹkan padà. Aṣọ fẹ́lẹ́ ti ilé ìwòsàn ni gbogbo aláìsàn ń wọ̀ gun ìwọ̀n báyìí, a sì ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ rọ́bà fún wọn látọjọ́ tí wọ́n bá ti dé, pẹ̀lú sùúrù, a kì í tún fi ìdádúró halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn Bàbá padà wá ní etí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilé rẹ̀ ló kú sí.

Mo wọkọ̀ ní Ìkòròdú, mo gba Ìtòíkìn lọ kí ìyàwó rẹ̀. Ó ti di opó, aṣọ dúdú wà lára rẹ̀, ó sì ti rù. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. A jókòó nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà, a sọ̀rọ̀ nípa Músílíù tó ń kọ́ṣẹ́, a sọ̀rọ̀ nípa òjò. Nígbà tó yá, ó sún mọ́ mi.

Ó ní, "Àǹtí Sikírá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní àmúwá Ọlọ́run. Ká ní mi ò de nǹkan yẹn mọ́ wọn, ṣé wọn ì bá wà láàyè?"

Mo ti ronú lé ìbéèrè yẹn láti Ìkòròdú. Mo mọ ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ. Mo ti gbọ́ pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un pé rárá o, àkókò rẹ̀ ló tó. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Mo wò ó, mi ò lè sọ ọ́.

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Ìyá Músílíù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ì bá kú náà ni. Dókítà gan-an ò mọ̀."

Ó mi orí lọ mi orí bọ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Gbogbo wọn ló ń sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Mi ò gba ẹnì kankan nínú wọn gbọ́. Tiyín ni mo gbà."

Ó dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó dé, àwo ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e ka iwájú mi. Mo ní mo ti jẹun kí n tó kúrò nílé. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ ẹ́. Ó fa àpótí sún mọ́ ibi tí mo wà, ó jókòó dojú kọ mí, ó káwọ́ lé itan. Gbogbo òkèlè tí mo bá gbé mì, ojú rẹ̀ á bá a lọ sí ọ̀fun mi. Mo jẹ ẹ́ tán porogodo, nítorí mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè ṣe fún un.